Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: ÌRÒYÌN KÒ TÓ ÀFOJÚBÀ

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olè tí à ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ àti olè tí ó jà ní tòótọ́.

Mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò. Wọ́n fẹ́ mú lára owó ẹ̀yáwó láti fi gba ọdẹ mẹ́rin sí sítọ́ọ̀ kòkó wọn, wọ́n ní olè ti pọ̀ jù. Mo bi akọ̀wé pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó ni olè ti jà yín láti ọdún mẹ́ta?" Ó ṣí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ìwà ipá tí ọlọ́pàá kọ sílẹ̀ ní ọdún 1991 tó 758 nínú 100,000 ènìyàn. Nígbà tí ó fi di 2023, ó ti dín ní nǹkan bí ìdajì. Síbẹ̀, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Gallup bi àwọn ènìyàn léèrè ní 2023, 77 nínú 100 ni ó sọ pé ìwà ọ̀daràn ní orílẹ̀-èdè wọn pọ̀ ju ti ọdún tí ó ṣáájú lọ. Nípa àdúgbò tiwọn, 55 ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí etí gbọ́ dẹ́rù bà wọ́n ju ohun tí ojú wọn tó lọ. Òru kan tí olè jà ni ìròyìn ń gbé kiri. Ta ni í ròyìn òru tí gbogbo wa sùn tí a jí?

Ṣùgbọ́n ìwé náà kò lè sọ ohun tí a kò kọ sí i. Ìwádìí Àjọ Ìṣirò ti Nàìjíríà tí ó jáde ní 2024 fi hàn pé nínú 100 ilé tí olè jà, bí 36 ni ó fi tó ọlọ́pàá létí.

Nítorí náà, mo tún bi ìpàdé náà pé, "Ta ni olè jà tí kò sọ?" Ọwọ́ méjì nà sókè. Ẹ̀ẹ̀kan di ẹ̀ẹ̀mẹta. Wọ́n gba ọdẹ kan, wọ́n pààrọ̀ àgádágodo, wọ́n sì fi owó ẹ̀yáwó sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ oko.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ẹ̀ẹ̀melòó ni olè jà nínú ẹgbẹ́ yín lọ́dún tí ó kọjá? Ṣé ó wà nínú ìwé?
2. Kí ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa sọ ọ́?
3. Èwo nínú ìnáwó yín ni ó ti ọwọ́ ìbẹ̀rù wá?