Ṣé Ojú Rẹ Ni? Ẹ̀kọ́ Lórí Sísọ Èrò àti Ìrírí Wa fún Ẹni Tí A Kò Mọ̀

Ní ọdún kejì mi ní Àkùngbá, mo gbé aṣọ lọ fún màdáámù kan tí wọ́n ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́. Aṣọ àsè ẹ̀ka wa ni. Mo san owó pé, a jọ dá ọjọ́, ọjọ́ pé, aṣọ kò jáde. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì, ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Mo pè wọ́n lórí fóònù títí, wọn kò gbé e. Aṣọ tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo wọ̀ lọ sí àsè náà. Nígbà tí mo padà dé yàrá lálẹ́, inú ṣì ń bí mi, mo bá kọ ọ̀rọ̀ yìí sórí Facebook:

"Mo san owó aṣọ fún télọ̀ kan ní Ìkàrẹ́, ọjọ́ ti kọjá, n kò rí aṣọ gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ó ti jẹ owó mi. Oníjìbìtì ni. Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn."

N kò dárúkọ wọn. Àmọ́ mo fi kún un pé ẹ̀gbẹ́ ilé epo ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, àti pé àwa akẹ́kọ̀ọ́ la pọ̀ jù nínú oníbàárà ibẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń pín in kiri. Ẹnì kan láti Ọ̀kà ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù náà dáadáa. Ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n òun. Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn pè mí: ọmọ màdáámù ń ṣàìsàn, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sùn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti rán aṣọ mi tán, bọ́tìnì ló kù.

Ẹ̀kọ́ gírámà ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí kọ́, bí kò tilẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà wo gbólóhùn márààrún tí mo kọ. Èkíní jẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Èkejì jẹ́ ohun tí mo fi ojú ara mi rí. Ẹ̀kẹta, "ó ti jẹ owó mi", àbá lásán ni. Ìlẹ̀kùn títì ni mo rí, n kò rí owó tí ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ìdájọ́. Ẹ̀karùn-ún kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, nítorí n kò tíì bá oníbàárà wọn kankan sọ̀rọ̀ kí n tó kọ ọ́. Síbẹ̀, aṣọ kan náà ni mo wọ̀ fún gbogbo wọn. Ẹni tó ń kà á kò lè mọ ibi tí ojú mi dé àti ibi tí ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn èdè kan wà tí gírámà wọn kì í jẹ́ kí èyí rọrùn. Ní èdè àwọn ará Tọ́kì, bí ènìyàn bá ń sọ ohun tó ti kọjá, àfòmọ́ ẹ̀yìn tó bá lo mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe lè fi hàn bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí pé ó gbọ́ ọ ni, tàbí pé àmì kan ló rí tó fi mọ̀. Yorùbá kò ní irú àfòmọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ní ni ọ̀rọ̀ tí a lè lò tí a sì lè fi sílẹ̀: "ìṣojú mi ni", "mo gbọ́ pé", "wọ́n ní", "ó jọ pé", "bóyá", "àfàìmọ̀", "lójú tèmi". Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ lójúkojú, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni yóò béèrè wọn lọ́wọ́ wa. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo níwájú ìyá àgbà kan, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ṣé ojú rẹ ni? Ta ló sọ fún ọ?" Ìbéèrè yẹn jẹ́ apá kan nínú bí èdè wa ti ń ṣiṣẹ́. Àlejò orí ayélujára kì í sábà béèrè. Kíkà ló kà á, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

Ohun mìíràn tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo kọ, tí n kò rí títí ọ̀rẹ́ mi kan fi tọ́ka sí i. Ní ṣọ́ọ̀bù, "ẹ" ni mo máa ń sọ sí màdáámù, "wọ́n" sì ni mo máa ń lò bí mo bá ń sọ̀rọ̀ wọn fún àwọn ará yàrá mi. Lórí Facebook, "ó" ni mo kọ. Mo ti gba ọ̀wọ̀ lára wọn kí n tó fi ẹ̀sùn kankan kàn wọ́n.

Kí ló dé tí àwọn àlejò fi gbà mí gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ti pẹ́ ju fóònù lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí Isaac B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan jáde. Sẹ̀gilọlá ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ní òun ti di arúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ sọ bí òun ti ṣe fi ìgbà èwe òun ṣòfò lọ́dọ̀ oríṣiríṣi ọkùnrin ní Èkó, kí àwọn ọ̀dọ́ lè fi í kọ́gbọ́n. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù Kẹta ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, àwọn kan tilẹ̀ kọ̀wé sí ìwé ìròyìn náà nípa rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ọ́ di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí sì kà á sí ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere àkọ́kọ́ ní èdè wa, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà kọ. Karin Barber tún un tẹ̀ pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ibẹ̀ ni kó lọ wò. Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ fún onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, kì í ṣe fún onílítíréṣọ̀ nìkan.

Àwọn ará Èkó kì í ṣe òmùgọ̀. "Èmi" ni Sẹ̀gilọlá fi ń sọ̀rọ̀, ó ń dárúkọ àdúgbò tí wọ́n ń gbà kọjá lójoojúmọ́, ó ń kọ orin ìsìn tí wọ́n mọ̀. Ẹni tí a kò mọ̀ kò ní òṣùwọ̀n mìíràn tí a fi lè wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju irú àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé epo tèmi, ìlẹ̀kùn títì, "ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ": òótọ́ ni gbogbo wọn, àwọn ló sì ṣe onídùúró fún gbólóhùn mẹ́ta tí n kò mọ ìdí wọn.

Nípa fífi orúkọ pamọ́, Yorùbá ràn wá lọ́wọ́ ju bí a ti rò lọ. "Ó" kì í sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ irú ìrírí yìí sábà máa ń yan ọ̀kan ní gbólóhùn kejì. A ní lágbájá, a ní tẹ̀mẹ̀dù. Ṣùgbọ́n ilé epo tí mo fi kún un ti tú gbogbo rẹ̀ síta. Ní Àkókó tiwa yìí, ohùn náà ń túni síta. Ẹ̀ka-èdè yí padà láti ìlú dé ìlú, àwọn ìlú kan sì ń sọ èdè tó yàtọ̀ pátápátá, bíi Arigidi, Ukaan àti Akpes. Ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti sọ àṣírí ìdílé rẹ̀ láìdárúkọ, ọ̀rọ̀ méjì péré ti tó kí a mọ ìlú rẹ̀, ìlú náà sì lè má tóbi.

Ibi tí "mo rí" àti "wọ́n ní" ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ẹnu ọ̀nà wa níbí ni. Ní Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan ya bo àwọn ṣọ́ọ̀bù nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ènìyàn sì kú. Iye òkú tí àwọn ènìyàn ń dá kò dọ́gba. Ẹ fi ara yín sí ipò òbí tó wà ní Èkó, tó ń ka iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lórí fóònù, tí ọmọ rẹ̀ kò sì gbé ìpè. Nírú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, "mo wà níbẹ̀, ohun tí mo rí nìyí" wúlò púpọ̀. "Wọ́n ní" náà wúlò, bí a bá ti kọ ọ́ pé wọ́n ní ni.

Òfin pàápàá ń béèrè ohun tí ìyá àgbà ń béèrè. Títí di ọdún 2024, abala 24 nínú òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára kan ẹni tó fi ọ̀rọ̀ tó mọ̀ pé irọ́ ni ránṣẹ́ láti ni ẹlòmíràn lára. Ìjìyà rẹ̀ lè tó 7,000,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Nígbà náà, òfin náà tún kan ọ̀rọ̀ tó bu ènìyàn kù lásán, wọ́n sì fi mú àwọn tó kàn sọ èrò wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ pé abala náà tako ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín agbára rẹ̀ kù ní 2024. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ti ṣe é tipẹ́.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà nígbà tí wọ́n ṣí i padà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà."

"Ìwọ lo kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o rí mi níbi tí mo ti ń ná owó ẹ?"

"Rárá, mà."

Wọ́n gbé aṣọ náà fún mi, ó ti wà ní kíká. Mo yọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kúrò lórí Facebook, àmọ́ àwòrán rẹ̀ ti wà lórí fóònù àwọn tí n kò mọ̀. Mo kọ òmíràn: "Ọjọ́ ti kọjá kí n tó gba aṣọ mi. N kò béèrè ìdí rẹ̀ kí n tó bú wọn. Ọmọ wọn ló wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti gbé aṣọ mi fún mi, ó sì dára." Ènìyàn mọ́kànlá ló fọwọ́ sí i. Kò sí ẹni tó pín in.