Ẹni Tó Kó O Kì Í Gbàgbé

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ta ni òwe yìí ṣàjèjì sí? Síbẹ̀, mo rí àwọn èèyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, tí wọ́n wá jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yanjú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó rú òfin, tí wọ́n ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Obìnrin kan tí wọ́n já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ bí kò ṣe lè dá wọ bọ́ọ̀sì lálẹ́ mọ́ ni. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ fi já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, pé kó má bínú, kó forí ji ọmọ tó já a gbà, ọmọdé ni. Obìnrin náà mi orí, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní ìpàdé yọrí sí rere. Inú bí mi gidigidi.

Òfin ọdún 1999 ló dá ìgbìmọ̀ yìí sílẹ̀ ní England àti Wales. Ọmọ ọdún 10 sí 17 tó jẹ́wọ́ ní kóòtù ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀, fún oṣù 3 sí 12. Aráàlú méjì tó yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó oṣù ló ń bá òṣìṣẹ́ kan jókòó. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lè wá bó bá wù ú. Wọ́n á wá kọ àdéhùn ohun tí ọmọ náà máa ṣe láti fi tún nǹkan ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí, ẹ fi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ nílé. Kí àgbà ní kí wọ́n wo ewú orí òun dára nínú ẹbí. Níbẹ̀ yẹn, ìwọ̀sí ni fún ẹni tí ọ̀rọ̀ dùn. Òun ló ni ìdáríjì rẹ̀, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè rẹ̀. Ẹ rí i pé ẹnì kan ti lọ bá a ṣáájú ìpàdé, pé ó ti bi í léèrè ibi tó fẹ́ jókòó, ẹni tó fẹ́ kó tẹ̀ lé òun wá, àti ohun tó fẹ́ gbọ́. Bí kò bá fẹ́ wá, kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n kà á síta. Tí ọmọ náà bá sì ti ṣe ohun tó ṣèlérí, ẹ jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gbọ́. Èyí ni wọ́n máa ń fojú fò jù lọ, ó sì ń dùn mí.

Ẹ má wàásù fún ọmọ náà. Ìwàásù ti kún etí rẹ̀ láti ilé dé kóòtù. Ẹ bi í ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ kó dáhùn.

Ibi tí mo ti ń bá òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ jà nìyí. Ní 1974, ní Elmira ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, ọ̀dọ́kùnrin méjì mutí yó, wọ́n sì ba ohun ìní èèyàn jẹ́ níbi 22 lóru ọjọ́ kan. Mark Yantzi, òṣìṣẹ́ kóòtù, dábàá pé kí wọ́n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tí wọ́n ṣẹ̀. Adájọ́ gbà. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì san owó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Russ Kelly, kò gbàgbé láéláé: lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún irú iṣẹ́ ìlàjà bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ohun tó ṣe fáyé gbọ́.

Ẹni tó ṣu tí àwọn ẹlòmíràn bá a kó o ló ń gbàgbé. Ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó o á rántí. Ẹni tó bá ń bá ọmọ tọrọ àforíjì kó tó la ẹnu, bíbá a kó o ló ń ṣe, kò sì ṣe ọmọ náà lóore.

Nítorí náà, kí ìpàdé tó parí, kí ọmọ náà ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, ẹni tó ṣe é sí, àti ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ṣẹ́ kù, ẹ sún ìpàdé síwájú.