Ọ̀dá Kọ́, Ọ̀gbẹlẹ̀ Ni

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ń ṣètò lórí koríko àgbàlá nínú oṣù kejì, ó ní "ọ̀dà" ti ba koríko àwọn ará Lẹ́kí jẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń ṣe títì ló da ọ̀dà sórí koríko olówó kan. Ìgbà tó mẹ́nu ba òjò ni mo tó mọ̀ pé ọ̀dá ló ní lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká fi ti ohùn sílẹ̀. Bó tilẹ̀ pè é re, ọ̀rọ̀ náà kò bá ibẹ̀ mu.

Òjò dá, owó dá mi: inú "dá" yìí, lójú tèmi, ni ọ̀dá ti jáde. Ohun tí à ń retí ni kò wá mọ́. Ti ayé Èlíjà, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà láìsí òjò, ọ̀dá nìyẹn. Èyí tó jà ní ilẹ̀ Sàhẹ́lì títí wọ òkè Ọya lọ́dún 1972 sí 1973, tó pa màlúù àwọn Fúlàní lọ súà, ọ̀dá ni. Ṣùgbọ́n ta ní ń retí òjò ní Lẹ́kí nínú oṣù kejì? Láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, ẹ̀ẹ̀rùn ló ni ìgbà. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀ nínú oṣù kẹfà, kí ẹ wá pariwo ọ̀dá, n ó bá yín gbè é.

Àwọn tó dá ọ̀dá owó sílẹ̀ ti borí tipẹ́, mo sì gbà fún wọn: owó tó yẹ kó wọlé ni kò wọlé. Ti ọ̀dá iná mọ̀nàmọ́ná ni n kò gbà. Iná tí ẹnikẹ́ni kò retí, báwo ló ṣe fẹ́ dá?

Ọ̀gbẹlẹ̀ ni kí ẹ wí, ohun tó gbẹ ilẹ̀. Ní Lẹ́kí, ọrùn ilẹ̀ gan-an lẹjọ́ wà. Yanrìn ni wọ́n fi dí àbàtà kí wọ́n tó kọ́lé. Omi tí ẹ bá dà sí i, kíá ló ti kọjá gbòǹgbò. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, kànga mìíràn sì níyọ̀ nínú. Ní ti koríko, ooru fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá èyí tí wọ́n ń pè ní Bermuda. Láàrin ìwọ̀n 27 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló ti ń gbádùn ara rẹ̀ jù. Gbòǹgbò rẹ̀ lè wọlẹ̀ ju mítà kan lọ. Bí omi bá wọ́n, á ká ewé rẹ̀ kò, á pa ihò tó fi ń mí dé, á jẹ́ kí ewé òkè gbẹ kí ti abẹ́ ilẹ̀ lè yè. Koríko kápẹ́ẹ̀tì eléwé gbọọrọ kò nírú ọgbọ́n yẹn: gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, abẹ́ ibòji ló wù ú, òun ló ń kọ́kọ́ rọ. Ẹni tó bá sì ń wọ́n omi ṣín-ín-ṣín lójoojúmọ́, òun ló ń kọ́ gbòǹgbò ní ìmẹ́lẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn onírédíò kò ní fi ọ̀dá sílẹ̀ nítorí tèmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tiẹ̀ ya òun àti ọ̀gbẹlẹ̀ sọ́tọ̀ mọ́. Ó dáa, ẹ ti borí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yẹn tún ní koríko náà "ti kú". Ìyẹn le jù. Ẹ fa ìdí rẹ̀ wò ná: bó bá ṣì funfun, tí kò rà, ẹ má tíì kówó lọ bá àwọn olódòdó ẹ̀bá títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́.