Ṣé Ọ̀dá Owó Ló Pa Circuit City?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ọ̀dá owó ọdún 2008 ló pa Circuit City, àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà?

Ìdáhùn: Ọ̀dá kàn bá wọn parí rẹ̀ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2007, kí ọ̀dá tó dé rárá, wọ́n lé òṣìṣẹ́ bíi 3,400 torí pé owó iṣẹ́ wọn pọ̀ jù. Àwọn tó mọ ọjà náà dénú mà ni! Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, wọ́n kéde pé àwọn yóò ti ìsọ̀ 155 pa. Nígbà tó fi di oṣù kẹta ọdún 2009, 567 tó kù ti kógbá wọlé, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ èèyàn bíi 34,000. Best Buy, tí wọ́n jọ ń du oníbàárà, la ọ̀dá kan náà já.