Okùn Ọrùn Kò Yẹ Adìẹ

Ẹ̀gbọ́n mi kan ra ibi ìfọmọ́tò ní Houston, ó pè mí wá wò ó. Irú èyí tí oníbàárà fúnra rẹ̀ máa ń wakọ̀ wọlé ni, tí yóò ki owó ẹyọ tàbí káàdì bọ ẹ̀rọ, tí yóò sì fọ ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà méjì ló so kọ́ lókè, lára irin tó ń yí: ọ̀kan fún ìbọn omi, ọ̀kan fún búrọ́ọ̀ṣì tó ń tú ìfófó ọṣẹ jáde. Rọ́bà dúdú tí wọ́n hun wáyà sí nínú, tó lè gba 3000 psi, ni ẹ̀gbọ́n mi fi sí méjèèjì. "Àbúrò, eléyìí ò ní bẹ́ láyé," ló wí, ó sì ń fọwọ́ pa á lára.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, tótó ó ṣe bí òwe o. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ."

Ó ní, "Wàá rí òmíràn pa," ó sì rẹ́rìn-ín.

Rọ́bà náà kò bẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí obìnrin kan fi wa Camry funfun padà wá. Ìlà dúdú kan wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ó gùn tó apá ènìyàn, àfi bí ẹni pé ọmọdé fi èédú fà á. Ibi tí obìnrin náà ti ń fa búrọ́ọ̀ṣì yí ọkọ̀ ká ni rọ́bà ti ń ra ara mọ́ ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ. Ó fi aṣọ tútù nù ún, kò lọ. Owó ló san fún ẹni tó bá a dán ọ̀dà náà padà.

Agbára ni ọ̀pọ̀ wa máa ń wò tí a bá fẹ́ ra rọ́bà, ibẹ̀ la sì ti ń ṣìṣe. Omi inú ìbọn a máa ju 1000 psi lọ, ìdí nìyí tí rọ́bà rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní wáyà nínú. Ti búrọ́ọ̀ṣì kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ọṣẹ àti afẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ, irú afẹ́fẹ́ tí àwọn fọ̀kànáísà máa ń fẹ́ sínú táyà, ló ń pàdé tí ọṣẹ fi ń hó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló ń dé ẹnu búrọ́ọ̀ṣì, kì í sábà tó 100 psi. Ohun tó ń pa rọ́bà yìí ni ilẹ̀ kọnkéré tó ń ha á, oòrùn, òtútù, àti oníbàárà tó ń fà á bí ẹni fa ewúrẹ́ lọ sọ́jà.

Tí ẹ bá fẹ́ ra rọ́bà búrọ́ọ̀ṣì, ara rẹ̀ lóde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kí ó dán, kí ó má sì lè kun nǹkan. Èmi fẹ́ràn aláwọ̀ búlúù tàbí pupa, torí oníbàárà á tètè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ti ìbọn.

Lẹ́yìn náà ni ihò inú rẹ̀. Oníwọ̀n 3/8 íǹṣì àti 1/2 íǹṣì ló wọ́pọ̀. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú ìfófó, bí ọ̀nà bá há jù tó sì gùn, kí ó tó débi búrọ́ọ̀ṣì yóò ti di omi ọṣẹ lásán. Èyí tó fẹ̀ máa ń gba ìfófó tó ki dáadáa, ṣùgbọ́n ó wúwo lọ́wọ́, ó sì máa ń pẹ́ kí ọṣẹ tó yọ. Ẹ wo ihò irin tí ẹ ó fi so ó pẹ̀lú. Bí ihò irin bá kéré, fífẹ̀ rọ́bà kò wúlò.

Ní ti gígùn, ẹ má wo ti aládùúgbò. Ẹ so okùn mọ́ irin òkè, ẹ gbé píkọ́ọ̀pù ńlá kan síbẹ̀, kí ẹ sì fi okùn náà rìn yí i ká. Kí ó dé ìdí ọkọ̀ àti ìsàlẹ̀ táyà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá búrọ́ọ̀ṣì padà sí àyè rẹ̀, kí okùn má ṣe sùn sílẹ̀. Rọ́bà tó bá ń sùn sílẹ̀, táyà ni yóò gùn ún, iyanrìn tó bá sì kó sára rẹ̀ ni yóò ha ọkọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ òtútù ńkọ́? Àwa tí a wà ní Texas rò pé kò kàn wá, títí oṣù Kejì ọdún 2021 fi dé tí omi dì nínú páìpù káàkiri. Rọ́bà tí wọ́n fi ike PVC lásán ṣe a máa le bí igi nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á là. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chicago tàbí Maryland ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ọrùn rọ́bà, níbi tó ti wọnú ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì, ni ó kọ́kọ́ máa ń là. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín bí irun, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ègé kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kí ẹ fi ra aṣọ funfun nígbà mẹ́wàá, kí ẹ wò ó bóyá yóò kun ún. Ẹ fi sínú fírísà mọ́jú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Bí ọlọ́jà náà kò bá fẹ́ fún yín ní ègé, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.