Ẹ̀kọ́ fún Ìjíròrò: Adágún Orí Òkè ní Adó-Àwáyé

Ó ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin pé kí á jáde lọ wo ibì kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lọ́pọ̀ ìgbà, a ó wọ mọ́tò, a ó lọ jókòó sábẹ́ igi, a ó jẹun, a ó kọrin, a ó sì padà sílé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ gbé ìrìn àjò mìíràn yẹ̀ wò, èyí tí ó gba ẹsẹ̀, tí ó gba èémí, tí ó sì gba ọgbọ́n. Ìrìn náà ni gígun òkè Adó-Àwáyé láti lọ wo adágún Ìyáké. Àwa kan nínú ẹgbẹ́ ti lọ, a sì ti bọ̀. Ohun tí a rí àti ohun tí a jọ pinnu ni a kó jọ síhìn-ín, kí ẹgbẹ́ yòówù tí ó bá fẹ́ lọ lè jíròrò rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè ṣàlàyé nǹkan mẹ́ta:
(a) bí omi ṣe ń dúró lórí òkè;
(b) bí àgbà obìnrin ṣe lè gun òkè láìfi ara rẹ̀ wewu;
(d) ìwà tí ó yẹ àlejò ní ibi tí ó jẹ́ ilé àti ìtàn ẹlòmíràn.

1. Ibi tí òkè náà wà

Adó-Àwáyé wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 20 sí Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè. Aládó ni wọ́n ń pe ọba ìlú náà. Ẹsẹ̀ òkè gan-an ni ìlú tẹ̀dó sí lónìí, ṣùgbọ́n ìtàn wọn sọ pé orí òkè ni àwọn baba ńlá wọn ń gbé nígbà ayé ogun, nítorí ẹni tó bá wà lókè ni yóò kọ́kọ́ rí ọ̀tá. Nígbà tí ogun rọlẹ̀ ni wọ́n sọ̀kalẹ̀.

Láti ẹsẹ̀ òkè, àtẹ̀gùn onísìmẹ́ńtì ni a ó fi gòkè. Iye tí a sábà máa ń gbọ́ ni 369. Lẹ́yìn àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ lásán ni a ó fi máa rìn lórí àpáta àti láàárín koríko. Ẹ ó rí òkúta Ìṣàgè, tí ó dúró ṣánṣán létí òkè bí ẹni pé yóò ṣubú lónìí, tí kò sì ṣubú. Àwọn ará ìlú sọ pé bí ọ̀dá bá dá, wọn a máa fi aṣọ funfun bo òkúta yìí kí òjò lè rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó dé adágún Ìyáké. Ẹ má ṣe retí òkun o. Omi kékeré tí ó parọ́rọ́ ni, tí koríko yí ká, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń bá ewé dọ́gba. Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá yíjú síhìn-ín sọ́hùn-ún, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó máa wò: òrùlé ìlú, oko, àti àwọn òkè mìíràn lọ́ọ̀ọ́kán.

2. Báwo ni omi ṣe dé orí òkè?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bọ́ sí wa lẹ́nu nìyí. Omi a máa ṣàn lọ sísàlẹ̀. Kí ló wá mú èyí dúró sókè?

Òkè Adó jẹ́ òkúta akọ, irú èyí tí ó pọ̀ ní Òkè-Ògùn, ní Ìdànrè àti ní Ékìtì. Òkúta akọ le, omi kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ibi tí ó bá ti sán díẹ̀, tàbí tí ó tẹ̀ wọnú, ni omi òjò yóò dúró sí. Omi tí ó dúró yóò máa jẹ òkúta náà díẹ̀díẹ̀, yóò sọ ọ́ di iyanrìn. Àgbàrá àti afẹ́fẹ́ yóò gbá iyanrìn náà lọ, ihò yóò sì máa fẹ̀ sí i. Ewé tí ó rà àti ẹrẹ̀ yóò tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹní. Nígbà òjò, orí àpáta tí ó wà láyìíká yóò máa da omi sínú ihò náà, gẹ́gẹ́ bí òrùlé ṣe ń da omi sínú agbada. Ẹni tí ó bá ti sá ẹ̀gẹ́ tàbí èlùbọ́ lórí àpáta rí yóò ti rí àwọn ihò kéékèèké tí omi máa ń dúró sí. Ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ ó gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn pé adágún irú èyí kò ju méjì lọ ní gbogbo ayé, ti Adó-Àwáyé àti ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ra fún un. Adágún orí òkè pọ̀ láyé, ọ̀nà tí kálukú fi dé ibẹ̀ ni ó yàtọ̀. Adágún Oku ní Cameroon ga ju mítà 2,200 lọ sókè òkun, ojú òkè tí iná ti tú jáde láyé àtijọ́ ni omi rẹ̀ dúró sí. Àwọn adágún kéékèèké ti Òkè Kenya, yìnyín ńlá ni ó gbẹ́ ihò wọn. Titicaca, láàárín Peru àti Bolivia, fẹ̀ púpọ̀, ó sì ga tó nǹkan bí mítà 3,800.

Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń wé tiwa ni Hanging Lake, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Ọ̀nà tí a ń fi ẹsẹ̀ gùn dé ibẹ̀ kò pé kìlómítà méjì, ṣùgbọ́n ó ga ju mítà 300 lọ láti ìsàlẹ̀. Omi ibẹ̀ ń kó ẹfun inú òkúta bọ̀, ó ń fi ẹfun náà mọ ògiri fún ara rẹ̀, ògiri yìí ni kò sì jẹ́ kí omi ṣàn lọ. Nítorí pé ògiri náà kò le, òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ bọ omi náà, nítorí òróró ara ènìyàn a máa bà á jẹ́. Láti 2019, ẹni tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò lè gùn ún. Iná ìgbẹ́ jó àfonífojì ibẹ̀ ní 2020, àgbàrá sì ba ọ̀nà jẹ́ ní 2021, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n tì í pa títí di 2022. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ máa ń lọ bá wọn tọ́jú ọmọ, ẹ lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, kí á fẹ́ràn Ìyáké nítorí ohun tí ó jẹ́, kí á má ṣe fi irọ́ kún ẹwà rẹ̀.

3. Ṣé ó yẹ kí á lọ?

Nígbà tí a mú ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yìí wá sí ìpàdé, ìyá àgbà kan dìde, wọ́n ní, "Ibi tí wọ́n ti ń bọ òkè, kí ni àwa fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín, a kò sì fi rẹ́rìn-ín. Òtítọ́ ni pé ìlú a máa ṣọdún òkè yìí, òtítọ́ sì ni pé àwọn onígbàgbọ́ náà ń gòkè lọ gbàdúrà níbẹ̀. Arábìnrin kan dáhùn pé, "Mà, òkè tó gba ènìyàn là lọ́wọ́ ogun, ìtàn wa ni. Ẹni tó lọ wo ilé ìyá rẹ̀ àtijọ́ kò bọ ilé."

Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá balẹ̀ yóò lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ yóò jókòó sílé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè é ní aláìmọ̀kan. Ẹni tí ó bá sì lọ gbọ́dọ̀ lọ bí àlejò. Àlejò kì í fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí onílé bọ̀wọ̀ fún. Bí afinimọ̀nà bá ní kí a má ṣe tẹ ibì kan, a kò ní tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ìlú sọ pé ẹnikẹ́ni kì í ki ẹsẹ̀ bọ Ìyáké. Bí ẹ bá gba ìdí tí wọ́n sọ, bí ẹ kò sì gbà á, omi tí a kò mọ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ibi ìwẹ̀.

4. Gígun òkè: ọ̀rọ̀ ìlera

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ jù. Púpọ̀ nínú wa ti lé ní 50 ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà, àtọ̀gbẹ wà, orúnkún dídùn wà. Kò sí èyí tí ó ní kí á má rìn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á mọ bí a ó ṣe rìn.

Ṣáájú ọjọ́ náà: Kí olúkúlùkù lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ó sì bi dókítà bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn tí ó ju 300 lọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́rin múra sílẹ̀: ẹ máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe fo oògùn yín ní òwúrọ̀ ìrìn àjò nítorí pé ẹ kò fẹ́ máa tọ̀ lọ́nà.

Ìgbà tí ó dára: Oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, kí a sì bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Nígbà òjò, àpáta a máa yọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí àrá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ẹ má ṣe wà lórí àpáta tí ó tẹ́jú, ẹ má sì sá sábẹ́ igi kan ṣoṣo. Ẹ yára sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí a ó mú lọ: bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò yọ̀, fìlà tàbí gèlè tí ó ṣíji bojú, ọ̀pá ìtìlẹ̀, omi tí kò dín ní lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kí ó fi súgà sí àpò. Ẹ má ṣe mu omi adágún. Omi tí kò ṣàn lè fa àrùn.

Lójú ọ̀nà: Bí ẹ kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí gúlegúle, ẹ ti ń yára jù. Ẹ sinmi lẹ́yìn bí àtẹ̀gùn 50. Ẹni tí ó ń rìn jẹ́jẹ́ jù ni kí ó máa ṣíwájú, kí gbogbo ẹgbẹ́ máa tẹ̀lé e.

Kí a tó kúrò nílé, a ti pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní dá padà sẹ́yìn, méjì yóò bá a dúró. Ó sì wúlò. Ní ìsinmi kẹta, arábìnrin wa kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jókòó, òógùn tútù bò ó, kò sì lè dáhùn nígbà tí a pè é. Nígbà tí ó máa fọhùn, ó ní, "Ẹ má bínú, mo fẹ́ dé ibẹ̀, ẹ má fi mí sílẹ̀." A rí i pé kì í ṣe adágún ni ó ń wá mọ́, ìtìjú ni ó ń sá fún. A gbé e sábẹ́ òjìji, a tú gèlè rẹ̀, a fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ wálẹ̀, àwọn méjì tí a ti yàn mú un sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ìbá burú bí ó bá tẹ̀síwájú.

Àwa tí a dé òkè kò pẹ́ níbẹ̀. A wo omi náà, a dákẹ́ díẹ̀, a sì sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: òkè yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Bí àyà bá ń dun ènìyàn, bí ojú bá ń ṣú u, bí òógùn tútù bá bò ó, ìrìn ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó padà kò tíì kùnà.

Nígbà ìsọ̀kalẹ̀, orúnkún ni ó ń ru gbogbo ẹrù ara. Ẹ má ṣe sáré, ẹ fi ọ̀pá ṣíwájú, ẹ máa gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì.

5. Ohun tí a fi sílẹ̀ lẹ́yìn

Ọ̀rá omi tí a bá jù sórí àpáta kò ní jẹrà bí ewé. Òjò yóò gbá a wọ inú adágún, adágún kò sì ní ibi tí yóò gbé e lọ. Ohun tí a bá gbé gòkè ni kí a gbé sọ̀kalẹ̀. Kí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ mú àpò ìdọ̀tí dání. Ẹ má ṣe kọ orúkọ sára òkúta. Ẹ sanwó tí ìlú bá ní kí ẹ san, ẹ gba afinimọ̀nà láàárín wọn, ẹ sì ra oúnjẹ lọ́jà wọn. Bí àyè bá gbà yín, ẹ yà ní Ìsẹ́yìn kí ẹ wo àwọn ahunṣọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń dúró lórí òkúta akọ.
2. Kí ni ó máa ń mú kí àgbà obìnrin fi àìlera rẹ̀ pamọ́ fún ẹgbẹ́? Kí ni a lè ṣe tí yóò fi rọrùn fún un láti sọ ọ́?
3. Bí ìdajì ẹgbẹ́ bá fẹ́ lọ sí ibì kan, tí ọkàn ìdajì kejì kò sì gbà á, báwo ni a ó ṣe ṣe é tí ìfẹ́ kò fi ní tutù?
4. Ibo ni omi ń dúró sí lórí àpáta ní agbègbè yín? Ta ni ó ń tọ́jú rẹ̀?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ gbogbo ẹni tí yóò lọ sílẹ̀, oògùn tí ó ń lò, àti nọ́ńbà ẹni tí a ó pè nílé rẹ̀. Kí a yan àwọn méjì tí yóò bá ẹni tí ó bá rẹ̀ padà, kí a sì yàn wọ́n kí mọ́tò tó gbéra.

Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀ láyọ̀. Ó di ìwé ìròyìn tí ń bọ̀.