Ẹ Tọpa Àgbàrá Kí Ẹ Tó Fọwọ́ sí Àwòrán Ilé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ Town Planning n'Íbàdàn, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé ẹnikẹ́ni, ẹ mọ ibi tí omi ilẹ̀ náà ń gbà lọ, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò bá lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń gbé fáìlì wá máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn parí síbi fẹ́ǹsì. Àgbàrá kò mọ fẹ́ǹsì.

Ojú ìlú yìí ti rí nǹkan. Ní 31 Oṣù Kẹjọ 1980, nígbà tí Bọ́lá Ìgè ń ṣe gómìnà, odò Ògùnpa kún, ó gbé ènìyàn, ó gbé ilé àti ọkọ̀. Ní 26 Oṣù Kẹjọ 2011, òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100, afárá sì wó káàkiri. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là fún iṣẹ́ ìdènà omíyalé n'Íbàdàn. Owó náà wúlò, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè gbẹ́ odò tó, bí gbogbo ilé tó wà lókè rẹ̀ bá ń da omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Mílímítà òjò kan lórí skúéà mítà kan, lítà omi kan ni. Pùlọ́ọ̀tì kan, 50 ẹsẹ̀ bàtà ní 100, tó nǹkan bíi 465 skúéà mítà. Bí òjò 50 mílímítà bá rọ̀ sí i, lítà 23,000 àti lé ló bọ́ sílẹ̀ yẹn. Nígbà tó ṣì jẹ́ igbó, ilẹ̀ á mu púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyókù á rọra ṣàn. Bí onílé bá kan páánù tán, tó fi íntálọ́ọ̀kì bo àgbàlá dé ẹsẹ̀ géètì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló máa tú jáde sójú títì, wéré sì ni. Ilé kan kò dẹ́rù bani. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀sítéètì onígba pùlọ́ọ̀tì.

Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé omi tí yóò máa jáde lórí ilẹ̀ lẹ́yìn ilé kíkọ́ kò gbọdọ̀ pọ̀, kò sì gbọdọ̀ yára, ju bó ṣe ń jáde tẹ́lẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe máa ṣe é, kí ẹnjiníà wọn sọ: kòtò olókùúta, tánkì omi òjò, ilẹ̀ koríko, tàbí adágún tí ẹnu àbájáde rẹ̀ kéré. Kó ṣáà ti hàn nínú àwòrán, pẹ̀lú ìwọ̀n. Ẹ má gba “a ó ṣe gọ́tà” lẹ́nu wọn. Gọ́tà ń gbé omi lọ bá ẹlòmíràn ni, kì í dín in kù.

Ẹ má jókòó ti sọ́fè nìkan. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ etídò máa ń yá tà, nígbà tí odò ti gbẹ, tí ẹni tó ń tà á ń pe ojú omi ní ọ̀nà ẹsẹ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ibi tí koríko sùn dorí kọ ni omi gbà lọ. Ibi tí ọ̀rá àti àkísà há sí lára wáyà ni omi ga dé. Bí ẹ bá rí kókò tó lalẹ̀ hù àti ihò akàn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ilẹ̀ gbígbẹ ni. Kí ẹ wá ìyá àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò, ẹ kí i dáadáa, ẹ bi í níbi tí omi dé lọ́dún 2011. Ó máa fọwọ́ hàn yín lára ògiri.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò lóun ò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òótọ́ ni, àmọ́ mo mọ bí àwọn onílé wa ṣe ń kọ̀ fún un: wọ́n á gbé fẹ́ǹsì ga, wọ́n á sì darí omi sí aládùúgbò tí kò lówó láti gbé tirẹ̀. Nítorí aládùúgbò yẹn ni òfin ṣe wà. Kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń fọwọ́ síwèé; ẹ̀yin lẹ dúró fún un. Bí ìpè bá ti òkè wá pé kí ẹ fojú fo sẹ́tíbáàkì, ìyẹn àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ilé àti odò, fún ẹnì kan, ẹ fi ọ̀wọ̀ dáhùn, kí ẹ kọ ìdí tí ẹ fi kọ̀ sínú fáìlì, pẹ̀lú ọjọ́. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí àmì X pupa, àmì pé wọ́n fẹ́ wó ilé, lára ilé opó tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ìgbà tí ilé wà ní ìpìlẹ̀ ló yẹ ká dá a dúró, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n kan òrùlé.

Bí ẹ bá ń tún ojú omi ṣe, láti ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́fátì tó fẹ̀ lókè tó há nísàlẹ̀, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló máa pa lára. Ẹ má sì gbà kí katapílà ro gbogbo ilẹ̀ ẹ̀sítéètì lẹ́ẹ̀kan nínú òjò, torí yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn á wọ́ lọ dí gọ́tà.

Kí ìwé àṣẹ dárúkọ àwọn tí yóò máa kó ẹrẹ̀ inú adágún ẹ̀sítéètì lẹ́yìn tí ẹni tó kọ́ ẹ̀sítéètì bá ti ta ilé tán tó ti lọ, kí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù sì buwọ́ lù ú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ padà lọ wo ẹnu àbájáde omi. Bó bá dí, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n lè ráyè tún un ṣe kí òjò Oṣù Kẹfà tó dé.